Nọ́ọ̀sì Tí Kò Mọ Ọwọ́ Wẹ̀

Gbogbo ilé ló ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ kò tíì yege ìdánwò kankan. Káfíńtà, ọkọ rẹ̀, ló fa ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ lọ ṣe ìdánwò àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn, kó tó ti ibẹ̀ dé, ọkọ ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti yege. Ìyá sọ ọ́ fún Aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú, ẹni tó bá sì ti sọ nǹkan fún Aránṣọ, àdúgbò ló sọ ọ́ fún. Nígbà tí obìnrin náà máa fi dé ẹnu ọ̀nà, kú oríire ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Ó ní ẹ ṣé. Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ẹ̀yin náà, ẹ dúró láàárín èrò tó ń bá yín yọ̀, kẹ́ ẹ wá ní rárá o, mo fìdí rẹmi. Ẹnu ò gbà á.

Ohun tó gbé e ṣubú gan-an ló mú kí ojú tì í jù. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ọwọ́ fífọ̀ ni. Wọ́n ní kó fọwọ́ kó tó kan aláìsàn. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó fi omi rin ọwọ́, ó yí ẹ̀rọ pa, ó fi ọṣẹ bó ọwọ́ títí ó fi hó. Ó tún ṣí ẹ̀rọ, ó ṣan ọwọ́, ó tún fi ọwọ́ mímọ́ yẹn náà yí i pa. Olùdánwò ní, "Ẹ̀rọ tí ẹ fi ọwọ́ ìdọ̀tí ṣí lẹ tún fi ọwọ́ mímọ́ dì mú yẹn, mà. Ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn títí ẹ ó fi ṣe tán, kẹ́ ẹ wá fi bébà yí i pa." Kò wo ohun míì tó ṣe mọ́.

Ta ló ń jẹ́ kí omi máa ṣàn? Nílé tí Nọ́ọ̀sì ń gbé, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà láàárín ọgbà fún gbogbo ayálégbé, òwúrọ̀ nìkan ni omi sì ń wá níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbá a lọ́wọ́ bó bá jẹ́ kí omi kán sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í bi í léèrè kó tó yí ẹ̀rọ pa. Ó ti pẹ́ tó ti ń yí arúgbó padà, tó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, tó ń gbé ìgbẹ́ wọn dà nù, kó tó di pé ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ẹni tí kò bá níwèé ẹ̀rí ò gbọdọ̀ kan arúgbó mọ́. Mi ò sọ pé òfin náà ò dáa. Ìwé ẹ̀rí dáa. Àmọ́ ẹni tó ṣòfin yẹn, omi ń ṣàn nílé tiẹ̀.

Òní ni ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ilé iṣẹ́ tó ń rán an lọ tọ́jú arúgbó ti sọ fún un láìfi bò pé bó bá yege, kó máa bá iṣẹ́ lọ, bí kò bá yege, kó kó aṣọ iṣẹ́ wọn wá. Iṣẹ́ yìí náà ni gbogbo ilé sì ń jẹ. Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń ra àga tí wọ́n kàn nílé iṣẹ́ ńlá, Káfíńtà ò rí iṣẹ́ gidi ṣe mọ́. Òun nìkan ló mọ̀ pé ìyàwó òun ò yege, òun náà ló sì ní kó pa ẹnu mọ́, pé ọjọ́ ìdánwò kejì kò ní í pẹ́ dé, ta ló máa mọ̀?

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Nọ́ọ̀sì fi jáde sídìí ẹ̀rọ. Ó fẹ́ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣí omi, ó fi ọṣẹ sí ọwọ́, ó ń bó o, ó ń fọ àárín ìka, ó ń fọ abẹ́ èékánná, omi sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ó ṣe tán, ó fi bébà yí i pa. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe tún ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ni Aránṣọ dé pẹ̀lú garawa méjì, àwọn ayálégbé yòókù tẹ̀ lé e.

"Ta ló ń da omi nù báyìí?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, mo ti fẹ́ ṣe tán."

"Ṣe kí ni tán? Ṣebí mo ti ń wò ọ́ látojú fèrèsé. O fọwọ́, o fọwọ́, o tún fọwọ́! Àbí o pa èèyàn ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ na ọwọ́ láti yí ẹ̀rọ pa. Ẹ̀rù ba Nọ́ọ̀sì, àfi bíi pé olùdánwò wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Ó gbá ọwọ́ obìnrin náà dànù.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Bébà ni wọ́n fi ń yí i pa!"

"Ìwọ gbá mi lọ́wọ́? Èmi?" Aránṣọ gbé garawa sílẹ̀. "Lórí omi tí gbogbo wa jọ ń sanwó ẹ̀? Irú ìwà nọ́ọ̀sì wo nìyẹn?"

"Ẹ fi nọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò yege! Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ já mi nìyí, tí mo fọwọ́ yí ẹ̀rọ pa. Òní ni mo fẹ́ lọ tún un ṣe!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Omi nìkan ló ń dún ní gbogbo ọgbà. Ohùn ara rẹ̀ ya Nọ́ọ̀sì gan-an lẹ́nu. Aránṣọ wá sọ̀rọ̀, kò sì pariwo mọ́, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

"O ò yege. Èmi tí mo rán aṣọ funfun fún ọ, tí mo ní mi ò gbowó, torí inú mi dùn pé ọ̀kan nínú wa ti bọ́ síbi tó dáa." Ó mi orí. "Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní ń bá àgbà jẹun. Ìwọ tóo ti di àgbà, ọwọ́ lo ò mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì tí kò mọ ọwọ́ wẹ̀!" ni ẹnì kan pa á lówe láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín tún sọ.

"Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ ẹ, tóo ní kí n máa yọjú sí lónìí," Aránṣọ ní, "mi ò yọjú mọ́. O ní ibi iṣẹ́ lò ń lọ. Irọ́ lo fi bẹ̀ mí níṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ẹ̀rọ. Ó fi bébà yí ẹ̀rọ pa, ó sì wọlé. Ojú ń tì í débi pé kò rántí gbé garawa tirẹ̀, ó tún ní láti padà lọ gbé e lójú gbogbo wọn.

Káfíńtà ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ògiri ilé yẹn ò nípọn, nítorí náà ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni tọkọtaya náà fi jà.

"O dójú tì mí."

"Èmi? Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé mo yege?"

"Mo rò pé o máa yege ni! Ta ló ń fìdí rẹmi nínú ọwọ́ fífọ̀? Bó bá jẹ́ ìṣirò ni, mo lè wí àwíjàre."

Nọ́ọ̀sì yí ẹ̀yìn sí i. Ó mú aṣọ funfun tí Aránṣọ rán sílẹ̀ lára ìṣó, ó wò ó, ó gbé e kọ́ padà. Ó tún mú un. Aṣọ funfun ni wọ́n ní kí wọ́n wọ̀ wá, kò sì ní òmíràn.

Ìyá Àgbà, ìyá Káfíńtà, wà ní yàrá kejì. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ò kú. Láràárọ̀, ó ti máa ń bú ẹnì kan kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé. Láàárọ̀ yìí, kò bú ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì rẹ búrẹ́dì sínú tíì, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ó jẹ búrẹ́dì náà. Nígbà tó kan kó mu tíì, ó pa ẹnu dé.

"Ẹ mu díẹ̀, Màámi."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Lánàá, kọ́ọ̀pù méjì lẹ mu."

"Ànà nìyẹn. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí, àbí o tún fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mumi?"

Ó yé Nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá mu nǹkan kò ní í tọ̀ sára, ẹni tí kò bá sì tọ̀ sára kò ní í nílò ẹni tó máa pààrọ̀ aṣọ fún un. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Màámi, mo parọ́ fún yín."

"Ìwọ lo sọ fún mi ni?" Ìyá Àgbà fi ojú wá ọ̀nà yàrá tí ọmọ rẹ̀ wà. Ó wá yíjú padà. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Máa lọ, kí ọkọ̀ má bàa fi ọ́ sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì lọ bá ọkọ rẹ̀. "Aránṣọ ò ní í wá mọ́. Bó bá di ọ̀sán, ẹ bá mi yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kára wọn má bó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó mọ́ wà nínú apẹ̀rẹ̀. Omi wà nínú garawa."

"Èmi?"

"Ìyá yín ni."

"Obìnrin ni wọ́n! Ó ní ohun tí ọmọkùnrin kì í wò lára ìyá ẹ̀."

Kì í ṣe pé Nọ́ọ̀sì ò ní èsì sí ìyẹn. Ó ní. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà ní. Àmọ́ ọkọ̀ ò ní í dúró dè é, ó sì mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu báyìí, òun ò ní í lè pa á dé mọ́. Ó gbé báàgì. Bó ṣe ń kọjá lójú fèrèsé Aránṣọ nínú aṣọ funfun náà, ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún nínú yàrá dákẹ́. Kò dún títí Nọ́ọ̀sì fi jáde lẹ́nu géètì.

Gbọ̀ngàn ìdánwò kò yí padà: bẹ́ẹ̀dì ní ìlà, abọ́ ìfọwọ́ lára ògiri, òórùn oògùn ìfọlẹ̀. Olùdánwò ọjọ́sí náà ni, ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú, tó kéré sí Nọ́ọ̀sì dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ ti padà wá."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ tó mọ̀wàá hù ni. Síbẹ̀, etí Nọ́ọ̀sì gbóná. Ó rò pé gbogbo àwọn tó jókòó ti mọ ohun tó padà wá ṣe.

Méjì méjì ni wọ́n pín wọn, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, kí ìkejì tọ́jú rẹ̀. Alásè kan ni wọ́n pín mọ́ Nọ́ọ̀sì, obìnrin sísanra tó ń dáná nílé ìwé. Bó ṣe gun orí bẹ́ẹ̀dì tí bẹ́ẹ̀dì ké, ó ní, "Rọra gbé mi o, ìrẹsì ọmọ ilé ìwé ló wà níkùn yìí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má gbàgbé ẹ̀rọ yẹn o. Òun ló gbé mi ṣubú nígbà tí mo kọ́kọ́ wá."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi àti ta ni kọ́! Omi ń lọ, ọkàn mi ń bá a lọ. Kí n tó mọ̀, mo ti yí i pa. Mo délé, mo ní wọ́n ò ṣe ìdánwò, pé iná ò sí."

Ẹ̀rín pa Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Àṣé kì í ṣe òun nìkan. Mélòó nínú àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn yìí ló ti purọ́ nílé nítorí omi?

Wọ́n pè é. Ó ṣí ẹ̀rọ. Omi ibẹ̀ lágbára, ó tú jáde ó ń ta sí i láyà. Ó rin ọwọ́, ó fi ọṣẹ sí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó kù díẹ̀ kó kàn án kí Nọ́ọ̀sì tó rí i. Ó fà á padà sínú ìfófòó ọṣẹ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Omi ń lọ. Omi mímu, omi tó mọ́ gaara, ó ń lọ sínú ihò, kò sí ẹni tó gbé igbá sí i. Ìyá Àgbà ò mu tíì. Arúgbó kan wà nílé tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, nítorí kò fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára, èmi sì dúró síbí, mò ń da omi nù kí wọ́n lè sọ pé mo mọ ìtọ́jú. Bó ṣe rò ó nínú ara rẹ̀ nìyẹn, omijé sì dé. Kò lè nu ún, torí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Ó jẹ́ kó máa ṣàn bí omi ẹ̀rọ ṣe ń ṣàn, títí ó fi ṣan ọwọ́ tán, tó fi bébà yí ẹ̀rọ pa. Olùdánwò wò ó lójú, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìyókù rọrùn fún un. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alásè, ó ní, "Mà, mo fẹ́ yí yín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo máa gbé ọwọ́ lé èjìká yín àti ìbàdí yín. Ṣé kò ní í ni yín lára?" Kò sí ẹni tí kì í sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún kó tó ṣe é, ì báà jẹ́ ẹni tí kò gbọ́rọ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pe èsì. Olùdánwò náà ní, "Ẹ yege, mà. Ẹ kú oríire."

Ó ní ẹ ṣé. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ ṣé yìí àti ẹ ṣé ọjọ́ tó parọ́. Nínú ọkọ̀ tó gbé e bọ̀, bẹ́ẹ̀dì yàrá kejì ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Káfíńtà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fá pákó kan. Pákó náà ti jọ̀lọ̀ tipẹ́, ó ṣì ń fá a. Bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ọgbà lè gbọ́.

"Ṣé o yege?"

"Ṣé ẹ yí wọn?"

Ó tẹ orí ba, ó ń fá pákó. Nọ́ọ̀sì ò dúró gbọ́ èsì, imú rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un láti ẹnu ọ̀nà.

Bó ṣe fi Ìyá Àgbà sílẹ̀ láàárọ̀ ló ṣì wà, ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìrọ̀rí kan náà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti tutù rin rin. Ìyá náà ti fi ọwọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ fa ìborùn bo ojú.

"Mo gbìyànjú," ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lábẹ́ ìborùn. "Mi ò mu nǹkan kan. Mi ò mọ ibi tó ti wá."

"Màámi, kì í ṣe ẹ̀bi yín."

"Mo pè é. Ó ní òun ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì dúró síbẹ̀. Gbogbo ìtìjú tó ti gbé kiri láti àárọ̀, lọ sí gbọ̀ngàn, bọ̀ wálé, ó wá rí i pé òun ti ń bá ẹlòmíràn gbé e. Inú bí i débi pé ara rẹ̀ balẹ̀. Ó gbé garawa omi tó fi sílẹ̀ láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ó mú ọṣẹ, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ gbé pákó yẹn sílẹ̀. Ẹ wá fọwọ́ yín."

"Nítorí kí ni?"

"Wọn kì í fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan aláìsàn. Ohun tí mo lọ kọ́ nìyẹn. Mo sì yege."

Kò pariwo, síbẹ̀ ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó máa bá a rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́. Nọ́ọ̀sì fi ife bu omi, ó ń dà á sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń tọ́ka sí àárín ìka, ó ń tọ́ka sí abẹ́ èékánná. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ó ti tó. Omi máa tán."

"Kò tíì tó."

Ó tún bu omíràn. Garawa ti ń lọ sí ìsàlẹ̀. Aránṣọ jáde láti yàrá rẹ̀, ó gbé garawa tirẹ̀ dání, ó kún bámúbámú. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì. "Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é lọ́sàn-án," ó ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mo ní ṣebí ọmọ wọn wà nílé." Ó padà wọlé, kò ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n wọ yàrá kejì. Káfíńtà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú, omi ń kán lára wọn, kò mọ ibi tó máa kó wọn sí.

"Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún wọn, kẹ́ ẹ tó kàn wọ́n," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Màámi." Káfíńtà tẹ̀ síwájú. "Màámi, mo fẹ́... mo fẹ́ yí yín sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ìborùn rọra kúrò lójú Ìyá Àgbà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà, ó pẹ́ lórí ọwọ́ náà.

"Ṣé o fọ̀ ọ́ dáadáa?"

Káfíńtà bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan mú, ó ní kó di èkejì mú.